Wáìnì Tó Tó Owó Rẹ̀ ní Swídìn: Ẹ Ṣe Èyí, Ẹ Má Ṣe Tọ̀hún

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Swídìn láti Ìbàdàn tàbí láti Lọ́ńdọ̀nù á kọ́kọ́ wá wáìnì lọ sí ilé ìtajà ńlá tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì àti wàrà. Kò ní rí i. Bíà tó wà níbẹ̀ kò gbọdọ̀ le ju 3.5% lọ. Ọtí tó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba tí àwọn tó ń pọn ọn ń tà lóko wọn, ilé iṣẹ́ ìjọba kan ṣoṣo ló ń tà á fún aráàlú láti gbé lọ sílé. Systembolaget lorúkọ rẹ̀, àwọn èèyàn ń gé e kúrú sí Systemet tàbí Bolaget. Láti 1955 ló ti wà bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà yẹn, ìwé pélébé kan tó ń jẹ́ motbok ni wọ́n fi ń díwọ̀n ọtí líle fún oníkálukú: ẹ rà, wọ́n lu òǹtẹ̀. Obìnrin tó wà nílé ọkọ kì í ní tirẹ̀ rárá. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1955 ni wọ́n fagi lé e.

Àwa tí a ń gbé níbẹ̀ kì í yé ṣàròyé pé ìjọba ń fi ọtí rẹ́ wa jẹ. Òótọ́ ni, tó bá jẹ́ ìgò tó rọjú jù lọ lẹ ń rà. Tí ẹ bá gòkè díẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á yí padà.

Ẹ ṣírò owó kí ẹ tó mú ìgò

Owó orí ọtí ní Swídìn kì í wo iye tí wọ́n ń ta wáìnì. Bí ọtí ṣe le tó àti bí ó ṣe pọ̀ tó ló ń wò. Ìgò 75cl tí agbára rẹ̀ wà láàárín 8.5% sí 15% ń san nǹkan bí 22 krónà, ìbáà jẹ́ wáìnì tí wọ́n pò ní ọ̀pọ̀ yanturu ní ilé iṣẹ́ ńlá, ìbáà jẹ́ Barolo tí àgbẹ̀ kan fi sínú àgbá fún ọdún púpọ̀. VAT 25% ló tún máa gun orí rẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé ìdá kan nínú márùn-ún owó tí ẹ rí lórí pẹpẹ ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò 80 krónà. VAT gbé 16, ó ku 64. Owó orí gbé 22, ó ku 42. Inú 42 yìí ni èrè Systemet, èrè ẹni tó kó o wọ̀lú, owó ọkọ̀, owó ìgò, owó kọ́ọ̀kì àti bébà ara rẹ̀ ti máa jáde, kí ó tó wá kan àgbẹ̀ tó gbin àjàrà. Ẹ wá mú ìgò 140. VAT gbé 28, ó ku 112. Owó orí gbé 22 kan náà, ó ku 90. Owó tí ẹ san kò tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó kù fún wáìnì fúnra rẹ̀ ti ju ìlọ́po méjì lọ.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ó dúró sí àárín 120 sí 160. Tó bá jẹ́ pé 80 ló wà lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ dúró dè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìgò kan tó dáa ní ọ̀sẹ̀ méjì sàn ju méjì tó jẹ́ pé owó orí lẹ ń mu.

Ẹ má nájà

Iye kan náà ni láti Malmö títí dé Kiruna. Kò sí ẹ̀dínwó, kò sí “ra méjì gba ẹ̀kẹta”, kò sí ènì. Ẹni tó ti ń rà níbẹ̀ láti ogún ọdún àti ẹni tó wọlé lónìí, ọgbọọgba ni wọ́n. Ohun kan ni mo fẹ́ràn nínú rẹ̀: pẹpẹ kò tàn yín. Ilé iṣẹ́ tó ń pọn ọtí kò lè sanwó kí wọ́n gbé tirẹ̀ sí iwájú ojú yín.

Ẹ ka agogo mẹ́ta tó wà lára bébà pẹpẹ

Lábẹ́ ìgò kọ̀ọ̀kan, bébà kékeré kan wà tó ju iye owó nìkan lọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ẹ kà á. Àwọn àyíká róbótó mẹ́ta lẹ máa rí, tí wọ́n kun inú wọn dúdú díẹ̀ tàbí púpọ̀ bí ojú agogo, láti 1 dé 12. Ti wáìnì pupa, ọ̀kan ń sọ bí ó ṣe kún ẹnu tó, èyí tí wọ́n ń pè ní fyllighet. Ìkejì ni strävhet, ìyẹn bí ó ṣe ń fún ahọ́n àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ pọ̀ bí ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ obì tútù. Ìkẹta ni fruktsyra, bí ó ṣe kan tó. Ti wáìnì funfun, sötma, ìyẹn adùn, ló gba ipò strävhet.

Ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́ta ìgò tí ẹ gbádùn sílẹ̀ sórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá tún lọ, ẹ wá ìgò mìíràn tí nọ́ńbà rẹ̀ sún mọ́ ọn ní owó tó kéré sí i. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo mọ̀ tó tètè ń kọ́ni ní wáìnì tó bẹ́ẹ̀, kò sì gba kí ẹ mọ orúkọ ìlú kankan ní ilẹ̀ Faransé.

Ẹ má fi wáìnì pupa tó le kojú ata rodo

Ọ̀pọ̀ owó ló ń ṣòfò níbí nílé wa. Wọ́n á se ẹ̀fọ́ rírò tó ta wíwí, wọ́n á wá ṣí Shiraz tó le tó 14.5%, tí strävhet rẹ̀ sì ga. Ọtí líle ń mú kí ata máa jó sí i, èyí tó ń fún ẹnu pọ̀ ń mú kí ó korò. Wọ́n á ní wáìnì náà kò dáa. Oúnjẹ ni kò bá a mu.

Fún ata, ẹ wá èyí tí agbára rẹ̀ kéré, tó kan díẹ̀, tí adùn díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Riesling ti Jámánì ló kọ́kọ́ ń wá sí mi lọ́kàn, pàápàá èyí tí wọ́n kọ Kabinett sí lára láti àfonífojì Mosel. Ẹ yí ìgò náà padà kí ẹ wo ìwọ̀n ọtí. Àwọn kan wà tí kò ju 8% lọ. Ibí ni owó orí tún ti ṣe wá lóore, torí pé ohun tí kò bá kọjá 8.5% ń san owó tó kéré sí ti àwọn tó kù. Ọtí tó bá àsun mu, tí kò sì tètè gun orí, tí ìjọba sì gba díẹ̀ lórí rẹ̀. Kí la tún ń wá?

Ẹni tó bá ta kú sórí pupa lè mu Beaujolais, kí ó gbé e sínú fíríìjì fún ìdajì wákàtí.

Ẹ wá ibi tí orúkọ rẹ̀ kò tíì gbówó lórí

Ẹ kò gbọdọ̀ sanwó orúkọ. Chenin Blanc ti Gúúsù Áfíríkà. Pupa láti Dão àti Alentejo ní ilẹ̀ Pọtogí, níbi tí wọ́n ti ń lo àwọn irú àjàrà tiwọn tí ayé kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀, tí iye rẹ̀ kò sì tíì sá lọ. Garnacha láti Calatayud tàbí Campo de Borja ní Sípéènì. Muscadet fún ẹja. Languedoc dípò Bordeaux.

Fún ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó, Cava àti Crémant. Inú ìgò ni wọ́n ti ń jẹ́ kí tiwọn náà hó lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe Champagne, owó wọn sì lè máà tó ìdajì. Nígbà tí ife bá wà lókè, tí onílù ń lu ìlù, ta ló ń wo bébà ara ìgò?

Ẹ má bẹ̀rù ìgò olówó ńlá lọ́jọ́ ńlá

Tẹ́ ẹ bá pé àádọ́ta ọdún, tẹ́ ẹ sì fẹ́ Champagne gidi, ẹ rà á ní Systemet láìkábàámọ̀. Ìwọ̀n kan pàtó nínú ọgọ́rùn-ún àti krónà díẹ̀ ni wọ́n ń fi lé owó ọjà, wọn kì í wo orúkọ kí wọ́n tó gbówó lé e. Owó orí 22 krónà yẹn kò sì já mọ́ nǹkan lára ìgò 500. Bí ìgò ṣe ń wọ́n sí i ni Swídìn ń jọ orílẹ̀-èdè tí ọtí ti rọjú.

Wáìnì inú páálí: ẹ rà á, ṣùgbọ́n ẹ wo ọjọ́

Nǹkan bí ìdajì lítà wáìnì tí Systemet ń tà ló ń jáde nínú páálí onílítà 3, kì í sì í ṣe pé àwọn ará Swídìn kò gbọ́n. Páálí kan jẹ́ ìgò mẹ́rin. Owó orí rẹ̀ kò dín, torí pé lítà ni ìjọba ń kà, ṣùgbọ́n kò sí gíláàsì tó wúwo nínú ọkọ̀, ìyẹn ni owó fi wálẹ̀. Tí ẹ bá ṣí i, ó lè wà ní fíríìjì fún bí oṣù kan láìbàjẹ́. Ẹni tó ń dá gbé, tó ń mu ife kan lẹ́yìn iṣẹ́, páálí ló bá a mu.

Ọ̀rá inú rẹ̀ ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé díẹ̀díẹ̀, nítorí náà wáìnì inú páálí kì í dàgbà, ṣe ló ń gbó. Ẹ wá ọjọ́ tí wọ́n rọ ọ́ sínú páálí, tí wọ́n tẹ̀ sí ara rẹ̀ tàbí sí ìdí rẹ̀. Tó bá ti ń lọ sí ọdún kan, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ kí ẹ mú òmíràn. Kí ẹ sì pín iye rẹ̀ sí mẹ́rin kí inú yín tó dùn: páálí 260 jẹ́ 65 fún ìgò kan, ẹ sì ti mọ ohun tí VAT àti owó orí máa ṣe sí 65.

Ẹ má tọ́jú páálí pa mọ́ de Kérésì ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ má dúró lórí ohun tí ojú yín rí ní ṣọ́ọ̀bù nìkan

Ohun tó wà lórí pẹpẹ kéré sí ohun tí ẹ lè rà. Ẹ ṣí áàpù tàbí ojú-ewé Systemet, ẹ wá èyí tí wọ́n ń pè ní beställningssortiment. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọtí ló wà nínú rẹ̀ tí àwọn tó ń kó wáìnì wọ̀lú ní nílẹ̀. Ẹ pàṣẹ rẹ̀, wọ́n á gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù àdúgbò yín láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ kò sì ní san owó ọkọ̀. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé odidi páálí onígò mẹ́fà ni wọ́n ń tà. Ẹ pe ọ̀rẹ́ méjì, kí ẹ jọ pín in. Ní abúlé tí kò ní Systemet, onílé ìtajà tàbí ilé epo kan máa ń ṣojú fún un, ẹ máa gbà á níbẹ̀.

Áàpù yìí kan náà ń fi iye ìgò tó kù ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan hàn. Ẹ wò ó kí ẹ tó wọ bọ́ọ̀sì nínú yìnyín.

Wọ́n tún lè bá yín kó ìgò kan wá láti òkè òkun, ohun tí wọ́n ń pè ní privatimport. Fún ìgò kan ṣoṣo, kò yẹ ní ṣíṣe.

Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti tọ́ ọ wò ṣiṣẹ́ fún yín

Ẹgbẹ́ kan wà, Munskänkarna, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1958 fún àwọn tó fẹ́ mọ wáìnì. Wọ́n máa ń tọ́ àwọn ọjà tuntun Systemet wò, wọ́n á sì sọ èyí tó jẹ́ prisvärt, tó tó owó rẹ̀, àti èyí tó jẹ́ fynd, tó ju owó rẹ̀ lọ. Fynd ni kí ẹ máa wá. Àwọn ìwé ìròyìn náà ń ṣe tiwọn. Ẹ má jáfara o: tí wọ́n bá ti yin ìgò tí wọn kò kó púpọ̀ rẹ̀ wá, ó lè tán lọ́jọ́ tó jáde.

Ẹ má gbàgbé aago mẹ́ta ọ̀sán Sátidé

Ọjọ́ Sátidé, aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀kùn ti. Ọjọ́ Àìkú, kò sí. Ọjọ́ ìsinmi ìjọba, kò sí. Odindi ọjọ́ tó ṣáájú Midsommar, àjọ̀dún àárín ẹ̀ẹ̀rùn wọn, àti ti Kérésì, kò sí. Láàárín ọ̀sẹ̀ wọn kì í kọjá aago mẹ́jọ alẹ́, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù sì ń tì kó tó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré wọlé ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún kì í ra ohun tó dáa, ohun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà ló ń rà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kí ẹ lọ. Ẹ sá fún ọjọ́ Ẹtì tó bá sún mọ́ ọjọ́ 25 oṣù, tí owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Wọn kì í sì í ta ọtí tútù, nítorí náà ẹ fi àyè fíríìjì sí ìṣirò yín.

Ẹ dá wáìnì tó bàjẹ́ padà

Kí ẹ tó dà á sí ife gbogbo àlejò, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Tó bá ń rùn bíi páálí tí òjò pa, tí èso inú rẹ̀ sì ti kú, kọ́ọ̀kì ló bà á jẹ́. Ẹ dé e padà pẹ̀lú ohun tó kù nínú rẹ̀, ẹ mú rìsíìtì, ẹ gbé e lọ. Wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà. Àwọn èèyàn wa ń tijú, wọ́n á rò pé wọ́n á bá àwọn jà. Kò sí ìjà níbẹ̀, iṣẹ́ ojoojúmọ́ wọn ni. Ìgò tí ẹ dà dànù lẹ́yìn tí ẹ ti san 150, ẹ fi ta ẹni tó tà á lọ́rẹ ni.

Tó bá jẹ́ òde àríyá

Ẹ fi ìgò kan sí ife márùn-ún tàbí mẹ́fà nígbà tí ẹ bá ń ṣírò. Ẹ pàṣẹ ṣáájú, ẹ tọ́jú rìsíìtì. Ìgò tí ẹ kò bá ṣí, tí ara rẹ̀ kò bàjẹ́, wọ́n ń gbà á padà. Ẹ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fún yín kí ẹ tó sanwó.

Ẹ mọ òfin gbọ̀ngàn náà. Tó bá jẹ́ àwọn tí ẹ pè ló wá, tí ẹ kò fi ọtí jèrè, tí gbọ̀ngàn náà kì í sì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń ta ọtí, ẹ kò nílò ìwé àṣẹ. Tí ẹ bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni tó bá yọjú, tí ọtí sì wà nínú owó náà, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ.

Ẹ má ra ọtí fún ọmọ tí kò tíì pé 20 ọdún, kódà kó jẹ́ àbúrò yín tó ti ń mu ní ilé ọtí láti 18. Ilé ọtí gbà á ní 18, Systemet kò gbà á. Ẹ̀wọ̀n wà nínú rẹ̀. Tí ojú yín bá jọ ti ẹni tí kò tó 25, ẹ mú káàdì ìdánimọ̀ dání, kí ẹ sì gbà á bí oríyìn.

Ẹni tó máa wa ọkọ̀ kò gbọdọ̀ mu. Òfin wọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.2 promille, ife kan lè gbé yín débẹ̀.

Ẹ má torí wáìnì rere sọdá lọ Jámánì

Jámánì kì í gba owó orí ọtí lórí wáìnì tí kì í hó. Kódà bẹ́ẹ̀, ohun tí ẹ máa jèrè lórí ìgò kan kò fi bẹ́ẹ̀ ju 22 krónà yẹn lọ pẹ̀lú ìyàtọ̀ VAT. Fún ìgò 50 krónà tí ẹ fẹ́ kó lọ́pọ̀ fún ìgbéyàwó, ó yẹ ní ṣíṣe. Fún ìgò mẹ́fà tó dáa, owó ọkọ̀ ojú omi tàbí ti afárá Öresund á jẹ ẹ́ tán kí ẹ tó délé. Ẹ gbọ́dọ̀ pé 20 ọdún, kí ẹ gbé e fúnra yín, kó sì jẹ́ fún yín àti ìdílé yín. Lítà 90 ni ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wò bóyá òótọ́ ni pé ti ara yín ni. Tẹ́ ẹ bá kó o wọlé tán tẹ́ ẹ wá ń tà á fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin.

Láti Nàìjíríà, lítà wáìnì 4 lẹ lè mú wọlé láìsan owó. Ẹmu, ẹ fi sílẹ̀ nílé. Kì í yé hó nínú ìgò, àpótí aṣọ yín ló máa gbọ́ ọ lójú ọ̀run.

Ẹ lọ sí oko àjàrà Skåne fún ìgbádùn, kì í ṣe fún owó pọ́ọ́kú

Láti oṣù kẹfà 2025, àwọn tó ń pọn wáìnì ní Swídìn, bíi ti Skåne ní gúúsù, lè ta díẹ̀ lóko wọn fún ẹni tó bá sanwó láti wo iṣẹ́ wọn, tí kò ju lítà 3 lọ fún ẹnì kan. Solaris, àjàrà funfun tó lè fara da òtútù, ni ẹ máa pàdé jù. Ó ń ta sánsán, ó kan dáadáa, ó sì wọ́n, torí pé oko kékeré ni, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì ń gba owó gidi.

Ẹ béèrè

Òṣìṣẹ́ Systemet kò ní ìpín kankan lórí ìgò tí ẹ bá mú, wọ́n sì kọ́ wọn níṣẹ́. Ẹ má bi wọ́n pé “èwo ló dáa?” Ẹ sọ oúnjẹ tí ẹ sè, ẹ sọ pé ó ta, ẹ sọ iye tí ẹ fẹ́ ná, ẹ fi ìgò tó wà lórí fóònù yín hàn wọ́n. Tí òṣìṣẹ́ náà bá mú èyí tó wọ́n jù wá, ẹ tún iye yín sọ. Kò ní bínú, ó máa padà lọ mú òmíràn wá ni.